Ṣé ká gbé kúlà dání tá a bá fẹ́ fi túùbù léfòó lórí odò Ọ̀wẹ̀nà?

Ọmọ Olóyèmẹkún (Ọjọ́ Ajé, 8:42 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́jọ la fẹ́ lọ ṣeré lórí odò Ọ̀wẹ̀nà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ti Amẹ́ríkà dé ló kó eré náà wọ̀lú. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí túùbù táyà ọkọ̀ ńlá, oníkálùkù á jókòó sínú ihò tirẹ̀, omi á sì máa gbé wọn lọ wẹ́rẹ́. Oko bàbá ọ̀kan nínú wa wà létí odò náà, ní ìsàlẹ̀ afárá tó wà lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ibẹ̀ la ti máa wọ omi. Ó máa tó wákàtí mẹ́ta ká tó dé ibi tí ọkọ̀ ti máa wá kó wa.

Kúlà ló wá dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní ká gbé e dání, kí omi tútù, ẹmu àti àsun wà nítòsí. Àwọn kan ní ibo ni kúlà fẹ́ jókòó sí lórí omi, ká fi sínú ọkọ̀. Kúlà tó sì wà nílẹ̀, ti màmá mi ni, búlúù ńlá tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ òde. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dé Alágbàkà (8:50)
Kúlà òde màmá? Ṣé o ti sọ fún wọn?

Ọmọ Olóyèmẹkún (8:51)
Mi ò tíì sọ.

Bọ̀dé Alágbàkà (8:51)
Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Odò kọ́ ló máa pa ọ́.

Ìyá Bùnmi (9:20)
Ọmọ mi, oúnjẹ òde ni mò ń sè ní Ọ̀bà-Ilé níbí, kúlà ni mo fi ń jẹun. Jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ.

Irú kúlà méjì ló wà. Ti òde, tí à ń kó jọ̀lọ́ọ̀fù sí, ìdérí rẹ̀ kàn jókòó lé e lórí ni. Kò sí ohun tó dè é. Bó bá dojú dé nínú omi, ìdérí á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ìrẹsì á gba ọ̀nà tirẹ̀. Èkejì ni èyí tí àwọn tó ń ta mínírà tútù ń lò. Ó nípọn lára, ó ní ohun tí wọ́n fi ń há ìdérí mọ́lẹ̀, ó sì ní ihò kékeré nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń dami nù. Lọ yá irú èkejì yìí, kó o fi ti màmá ẹ sílẹ̀.

Ní ti yìnyín, má ra èyí tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, kì í pẹ́. Kó píọ̀ wọ́tà sínú fíríìsà láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó dì gbagidi bí òkúta. Tó bá wà nínú kúlà ó ń ṣiṣẹ́ yìnyín, tó bá yọ́ ó di omi mímu, o ò gbé ẹrù lásán. Kúlà náà gan-an, má kó yìnyín sí i nígbà tí ara ẹ̀ bá gbóná. Alẹ́ tó ṣáájú ni kó o ti da omi tútù sí i, kó sùn mọ́ ọn, kó o dà á nù láàárọ̀. Kúlà tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tẹ́lẹ̀, yìnyín tó o bá kọ́kọ́ kó sí i, òun fúnra ẹ̀ ló máa fi tura. Mínírà ẹ á ṣì gbóná.

Oúnjẹ gbígbóná àti yìnyín kì í gbé kúlà kan náà o. Àsun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́rin, ilé ìgbẹ́ ló máa ròyìn ìyókù fún yín.

Èkìmọ̀gún Tòótọ́ (9:33)
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. ÀSUN NÍNÚ YÌNYÍN? Àwa tá a ni àsun ní Oǹdó ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ata ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná lẹ́nu, ẹran ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná lọ́wọ́. Ẹ gbé ewúrẹ́ lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa jáde lómi, kí ẹnì kan tí kò fẹ́ wọ odò máa sun ún. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa yọ, òórùn ẹ̀ á ti wá pàdé yín.

Ọmọ Olóyèmẹkún (9:40)
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yìí wọ̀ mí lára. Awakọ̀ wa kì í wẹ̀, ó sì mọ ẹran sun.

Ará Houston (10:05)
Èmi ti ṣe é níbí, torí náà ẹ jẹ́ n dá sí i. Ní Texas, ìlú kan ń jẹ́ New Braunfels. Odò méjì ló wà níbẹ̀, Comal àti Guadalupe, àwọn èèyàn sì máa ń dà gììrì lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Comal ò gùn, inú ilẹ̀ ni omi ẹ̀ ti ń sun jáde, ó máa ń tutù bákan náà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ kúlà dé ilé ẹjọ́ níbẹ̀ o! Agolo bíà ló pọ̀ jù nísàlẹ̀ odò. Ní 2011 àwọn aráàlú dìbò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú agolo tàbí ike àlòdànù wọ odò láàárín ìlú. Àwọn tí eré yìí ń mú owó wọlé fún pẹjọ́, adájọ́ fagi lé òfin náà ní 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a padà ní 2017. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé ọtí tàbí mínírà, inú ife tàbí ìgò tí wọ́n ń tún lò ni wọ́n ń dà á sí kí wọ́n tó wọ omi. Ìgò onígíláàsì, èèwọ̀. Kúlà fúnra ẹ̀ ní ìwọ̀n: kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi lítà 15 lọ.

Kúlà kì í sì í jókòó lórí èèyàn. Túùbù tiẹ̀ ni wọ́n ń yá fún un, èyí tó ní ìsàlẹ̀. Túùbù tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó sí, ihò ló wà láàárín ẹ̀, bẹ́ ẹ bá gbé kúlà sí i á jábọ́ gba ibẹ̀.

Bọ̀dé Alágbàkà (10:11)
Kúlà náà sanwó túùbù tiẹ̀. Amẹ́ríkà!

Fọganáísà Òkè-Àró (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)
Iṣẹ́ mi ni wọ́n dé yìí. Ẹ wá túùbù kẹsàn-án fún kúlà, òótọ́ lará Houston sọ, àmọ́ ẹ ò nílò èyí tó nísàlẹ̀. Ẹ ra baàfù ìfọṣọ ńlá. Ẹ gbé e sínú ihò túùbù kí etí baàfù gun orí rọ́bà, kẹ́ ẹ fi okùn so etí ẹ̀ mọ́ túùbù níbi mẹ́rin. Inú baàfù ni kúlà máa wà. Lẹ́yìn náà, ẹ gé túùbù tó ti bàjẹ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, irú rọ́bà táwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, kẹ́ ẹ fà á le, kó gba orí ìdérí kúlà kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní àgbélébùú. Okùn ọ̀rá lè dẹ̀ tómi bá kàn án. Rọ́bà kì í dẹ̀.

Túùbù ò pọ̀ mọ́ bíi tàtijọ́ o, ọ̀pọ̀ táyà ìsinsìnyí ò lo túùbù mọ́. Ẹ béèrè ti típà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe. Ẹ kọ́kọ́ tì í bọ omi, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń hó níbì kankan. Ẹ má fẹ́ ẹ le jù láàárọ̀, oòrùn máa mú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ wú. Irin tá a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ fi aṣọ àti rọ́bà wé e, torí mo ti rí ẹni tó fi ya itan láti orúnkún dé ìbàdí. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ wọ́n omi sórí rọ́bà dúdú yẹn. Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé ó ń jó ni nídìí àfi èmi.

Ìṣirò FUTA (7:58)
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù pé kúlà á rì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká sọ pé kúlà lítà 25 ni, òfìfo ẹ̀ wúwo tó kílò 3. Píọ̀ wọ́tà dídì 10, ìdajì lítà lọ́kọ̀ọ̀kan, kílò 5. Mínírà inú ike 12, ìdajì lítà náà ni, kílò 6. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ kílò 14. Ohun tó bá wúwo tó kílò 14 á ti lítà omi 14 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó léfòó. Kúlà tó ń gba lítà 25 nínú, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ níta. Kò lè rì, níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá há.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kó léfòó, ọ̀tọ̀ ni kó dúró. Bí ẹrù wíwúwo bá wà lókè, omi díẹ̀ ló máa fi yí i. Yìnyín àti mínírà nísàlẹ̀, ohun fífúyẹ́ lókè. Ẹ kún un dáadáa, torí ibi tó ṣófo nínú kúlà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló máa ń wọ ibẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Omi tó bá yọ́ sínú ẹ̀, ẹ má dà á nù kíákíá. Ìgò tó rì sínú omi tútù máa ń tètè tutù ju èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ tútù lọ.

Ọmọ Olóyèmẹkún (8:30)
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: ta ló máa fa túùbù kúlà? Mo rò pé kí n so ó mọ́ ọwọ́ mi pẹ̀lú okùn gígùn, kó máa tẹ̀ lé mi.

Ọmọ Etí Òkun (8:47)
RÁRÁ O. Ẹ dúró.

Ìlàjẹ ni mí, inú omi la bí wa sí, mi ò sì kí í bẹ̀rù odò. Ṣùgbọ́n ohun tó o fẹ́ ṣe yìí ni mo ṣe lórí odò Olúwà nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun ìléfòó kan la gùn, a so àpótí yìnyín ẹja mọ́ ọn, mo wá fi ìdí okùn yí ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kó má baà bọ́. Okùn náà gùn tó mítà márùn-ún. Omi gbé èmi gba ọ̀tún kùkùté igi kan kọjá, ó gbé àpótí gba òsì. Ó tán. Mo dúró lójú kan, àpótí dúró lójú kan, kùkùté wà láàárín, gbogbo odò sì ń tì wá lẹ́yìn. Okùn ń wọ ẹran ara mi. Mo gbìyànjú kí n tú u, mi ò lè tú u torí ó ti le bí irin. Omi ti ń gun èjìká mi bọ̀ wá sí ẹnu. Àbúrò mi tó wà lẹ́yìn ló fi ọ̀bẹ ìpẹja gé e. Àpótí lọ, ẹja lọ. Títí dòní ilà méjì wà lọ́wọ́ mi bí ẹ̀gbà.

Má so kúlà mọ́ ara èèyàn. Má so ó mọ́ ọwọ́, mọ́ ẹsẹ̀, mọ́ ìgbànú. Bí ẹ bá máa so ó rárá, mọ́ túùbù ni, pẹ̀lú okùn tí kò ju apá kan lọ, ìdì tí fífà kan máa tú. Ẹni tó bá wà nítòsí ẹ̀ kó fi ọ̀bẹ sápò. Ibi tómi bá ti ń yára tàbí tí igi bá wó sí, ẹ tú u sílẹ̀ kó dá lọ. Ẹ máa bá a níwájú. Ká sọ pé ẹ ò tiẹ̀ bá a, kúlà ni.

Bọ̀dé Alágbàkà (8:59)
Mi ò lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

Tádé Ìjàpọ̀ (9:10)
Ó kéré tán, bí ẹnì kan bá já sómi, á rí kúlà dì mú.

Ọmọ Etí Òkun (9:14)
Kúlà ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bọ̀dá. Ó ń yọ̀, ó ń yí, bí ìdérí bá sì ṣí, ó di agbada. Ẹ̀wù ìléfòó ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so bọ́tìnì ẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó bá awakọ̀ sun ewúrẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òru (Ọjọ́rú, 2:20 òru)
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláìsàn ti sùn, mo ní kí n dá sí i. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àtọ̀sí ajá. Ó ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í sì í ṣe pé a ń tọ ibi tí ajá tọ̀ sí lèèyàn fi ń kó o. Inú ìgbín omi kéékèèké ni kòkòrò ẹ̀ ti ń jáde bọ́ sínú odò, ọ̀sán gangan ló sì máa ń pọ̀ jù. Awọ ara ló ń gbà wọlé, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó lè tó oṣù méjì, mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ tó hàn nínú ìtọ̀.

Ohun tó kan kúlà níbẹ̀ nìyí: ìgbín yẹn ò fẹ́ràn omi tó ń sáré. Etí odò tómi ti dákẹ́, tí koríko wà, ibẹ̀ ló ń gbé. Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo èèyàn máa ń yà sí láti ṣí kúlà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ gun orí àpáta gbígbẹ tàbí yanrìn, ẹ má dúró nínú omi dé orúnkún kẹ́ ẹ máa tàkúrọ̀sọ. Ẹ má fi omi odò ṣan kọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá wà níbẹ̀, praziquantel ni wọ́n máa fún yín.

Àgbẹ̀ Kòkó Ìdànrè (5:40 àárọ̀)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹmu ni tèmi. Ẹmu kì í sinmi. Bẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú ìgò, tẹ́ ẹ dé e pa, tẹ́ ẹ gbé e sínú oòrùn, á máa hó lọ títí ìgò á fi bú. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí, ẹ má rọ ọ́ kún, ẹ má dé e pa, kẹ́ ẹ fi yìnyín yí i ká. Èyí tó dára jù ni kó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sun ẹran. Ẹni tó mutí yó lórí ilẹ̀ ṣubú, á dìde. Orí omi kọ́.

Ẹ wá àpò kòkó kan, èyí tí wọ́n fi ọ̀gbọ̀ hun, kì í ṣe ti ọ̀rá. Ẹ rì í sómi, ẹ fún un díẹ̀, ẹ dà á bo kúlà. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ báyìí, bó ṣe ń gbẹ omi inú àpò náà ló ń mú kúlà tutù sí i. Bí àpò bá gbẹ, odò wà lábẹ́ yín, ẹ tún bu omi lé e. Nínú oko, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́jú omi mímu kí fíríìjì tó dé.

Odò ti fà, ìyẹn dára. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án lẹ ní ẹ fẹ́ lọ, mi ò bá ní kẹ́ ẹ jókòó sílé. Ẹ ṣọ́ra fún dáàmù àti ògiri kékeré èyíkéyìí tí wọ́n mọ sé omi. Omi tó fò kọjá orí ògiri máa ń yí padà nísàlẹ̀, ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ á máa yí po lójú kan, ìbáà ṣe kúlà, ìbáà ṣe èèyàn. Ẹ bá Baálẹ̀ abúlé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ó mọ ibi tó jìn, ó sì mọ ọjọ́ tí wọn kì í lọ sódò.

Ọmọ Olóyèmẹkún (7:05)
Ẹ ṣé, bàbá. Ohun tá a fẹnu kò sí nìyí: kúlà kékeré, lítà 15, omi àti mínírà nìkan. Ẹmu àti ewúrẹ́ wà lọ́dọ̀ awakọ̀. Túùbù kẹsàn-án, baàfù, rọ́bà, ọ̀bẹ, àpò kòkó. Bàbá ẹni tó loko máa mú wa lọ rí Baálẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá Bùnmi (7:30)
Àti àpò tẹ́ ẹ máa kó ìdọ̀tí sí. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ò gbọ́dọ̀ kù sódò, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn ún.

Ọmọ Olóyèmẹkún (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, 6:18 ìrọ̀lẹ́)
A lọ, a bọ̀, gbogbo wa pé. Mo ṣèlérí fún Bọ̀dé pé màá jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Baálẹ̀ ní ká má bẹ̀rẹ̀ níbi tá a fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ torí igi kan ti wó dí ibẹ̀. Ó fún wa lọ́mọ kan tó mú wa gba ìsàlẹ̀ sí i. Aago mẹ́wàá la wọ omi. Omi fà débi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni baàfù kúlà gúnlẹ̀ sórí òkúta, tá a sọ̀ kalẹ̀ fà á. Ìgbà kẹta, ó há sáàárín òkúta méjì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í dúró ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ará Amẹ́ríkà ló so ó mọ́ túùbù tiẹ̀. Ó fa ìdì okùn lẹ́ẹ̀kan, ó tú, ó kọjá lọ, àwa tó wà lẹ́yìn la wá yọ kúlà. Gbogbo wa ló rántí ẹ̀gbọ́n Etí Òkun lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Àpò kòkó yẹn! Nígbà tá a ṣí kúlà lórí àpáta ní nǹkan bí aago kan, mẹ́rin nínú píọ̀ wọ́tà mẹ́fà ṣì dì débi pé ẹ lè fi kan ìlẹ̀kùn. Mínírà ń dun eyín. A gbọ́ òórùn àsun kí ojú wa tó rí ọkọ̀, Èkìmọ̀gún, ẹ jàre. Awakọ̀ ti jẹ ẹsẹ̀ kan.

Bọ̀dé Alágbàkà (6:25)
Ọlọ́run ṣeun. Kúlà màmá ńkọ́?

Ọmọ Olóyèmẹkún (6:31)
Kò kúrò nílé, ti ẹni tó ń ta mínírà ládùúgbò wa la yá. Baàfù la ò rí rà, ìyẹn ni mo fi mú ti màmá. Òkúta yẹn ya á létí.

Bọ̀dé Alágbàkà (6:31)
Ṣé o ti sọ fún wọn?

Ọmọ Olóyèmẹkún (6:40)
Mi ò tíì sọ.